Mo fẹ́ di Prof nínú kádíọ́lọ́jì (ìtọ́jú àìsàn ọkàn), iṣan ọkàn tó ń dí ni mo fẹ́ dojú kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀nà, ẹ gbà mí o

ỌmọWọ́ọ̀dù

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti yege Part I (ìdánwò kìíní Fellowship, ìwé ẹ̀rí òkè téńté àwa dókítà) nínú internal medicine, mo ti ń bọ́ sípò senior registrar, wọ́n sì ní kí n mú ẹ̀ka tí mo fẹ́. Kádíọ́lọ́jì ló wù mí látìgbà tí mo ti wà ní 400 level, àmọ́ kì í kàn ṣe kádíọ́lọ́jì lásán, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra ẹ̀ ni, àwọn coronary yẹn, ìdí tí wọ́n fi ń dí, irú ẹni tí wọ́n ń dí fún, ohun téèyàn lè tètè ṣe sí i. Mo tún fẹ́ràn kí n máa kọ́ àwọn ọmọ fásitì, mo fẹ́ràn ìwádìí. Ká kúkú pè é lórúkọ ẹ̀, mo fẹ́ di Prof.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Ọ̀gá kan ní yúníìtì wa ní kí n má fàkókò mi ṣòfò, pé coronary kì í ṣe àrùn tiwa, ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí n gbájú mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń ka PLAB, ìdánwò dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ó ní ká jọ já lọ. Ẹlòmíì ní India ni kí n gbà. Ẹlòmíì tún ní tí mi ò bá ní PhD, mo kàn ń tan ara mi jẹ ni. Orí mi ti gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bò mí lójú, bó ṣe rí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ.

Owó_Dà

Àbúrò, ìbéèrè kan péré ni tèmi: ṣé bàbá ẹ lówó? Torí mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi "Prof" ra epo 😂

BàbáStẹ́tò

Owó_Dà, jẹ́ kí ọmọ mí ná.

ỌmọWọ́ọ̀dù, ó dáa tó o bèèrè kó o tó wọ̀ ọ́. Ohun tí wọn kì í sọ fún registrar ni pé lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn, ọ̀gá méjì lo máa sìn. Nílé níbí, yunifásítì ló máa gbà ẹ́ bíi lẹ́kíṣọ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ni á wá fún ẹ ní honorary consultant lé e lórí. Ilé ìwòsàn á fẹ́ kó o wà ní ward round, ní kílíníìkì, lórí call. Fásitì á fẹ́ kó o kọ́ ọmọ, kó o máàkì ìdánwò, kó o jókòó ní ìpàdé tí kò ní parí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ tí ìgbéga bá wá délẹ̀, láti Lecturer I sí Senior Lecturer, sí Reader, sí Prof, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé aláìsàn mélòó lo gbà lọ́wọ́ ikú. Pépà ni wọ́n máa kà. Mo ti rí dókítà tọ́wọ́ ẹ̀ dáa débi pé àwọn Prof ló ń gbé ìyá wọn wá bá a, ipò kan náà ló sì wà lọ́dúnlọ́dún torí kò jókòó kọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìtọ́jú nìkan ló wù ẹ́, má wọ fásitì rárá, jẹ́ kí ilé ìwòsàn gbà ẹ́ tààrà bíi consultant, ọkàn ẹ á balẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò jìnnà sóòótọ́, ó kàn kù díẹ̀ káàtó ni. Ìwádìí THESUS-HF tó jáde lọ́dún 2012 kó èèyàn 1,006 jọ ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn tí ọkàn wọn ṣàdédé dáṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n gbé wá sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á fún nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 wọn. Coronary ò tó ìdá 8. Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo wa fi ń kọ́ ọmọ, òótọ́ sì ni. Àmọ́ wò ó dáadáa, àwọn tó délé ìwòsàn láàyè pẹ̀lú ọkàn tí kò lágbára mọ́ ni wọ́n kà. Bàbá tí àyà dùn lóru tó kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwé wo lorúkọ tiẹ̀ wọ̀? Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Bákan náà, ibi tí kò bá ti sí cath lab tí wọn ò ti ju kẹ́míkà sínú iṣan kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó dí?

Ìtàn_La_Ó_Sọ

Bàbá mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Ìwádìí INTERHEART, èyí tí Salim Yusuf àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2004, orílẹ̀-èdè 52 ni wọ́n lọ, Áfíríkà wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé ohun 9 péré, sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn tó yọ, ìdààmú ọkàn, àìjẹ èso àtẹ̀fọ́, àìṣe eré ìmárale, àti bí èèyàn ṣe ń mu ọtí sí, àwọn ló wà nídìí èyí tó lé ní ìdá 90 nínú ewu heart attack tó kọ́kọ́ ń ṣe èèyàn, bó o dúdú bó o funfun. Èwo nínú ẹ̀ ni kò sí ní Bódìjà? Èwo ni kò sí n'Íkẹjà?

Yusuf yẹn fúnra ẹ̀, ọmọ India ni, Bangalore ló ti kàwé dókítà kó tó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes lọ sí Oxford. Ibẹ̀ ló ti wà lára àwọn tó gbé àwọn ìwádìí heart attack tí wọ́n ń pè ní ISIS kalẹ̀. Èyí èkejì wọn, ISIS-2, lọ́dún 1988, ó gba èèyàn tó lé ní 17,000 tí heart attack ń ṣe, ó sì fi hàn pé aspirin lásán, òògùn olówó pọ́ọ́kú yẹn, ń dín ikú kù nínú wọn, tí streptokinase, òògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, bá tún kún un, ó tún dáa sí i. Ẹ ò rí nǹkan. Kò dá ẹ̀rọ tuntun kankan sílẹ̀. Ó kàn bèèrè ìbéèrè tó rọrùn, ó wá rí èèyàn tó pọ̀ tó láti fi dáhùn ẹ̀.

ỌmọWọ́ọ̀dù

Haa. Mi ò mọ̀ pé láti Bangalore ló ti bẹ̀rẹ̀ o. Mo rò pé ọmọ òyìnbó ni.

Ẹ̀gbọ́nLeeds

Àbúrò, Ìlú Ọba ni mo wà, ẹ jẹ́ n sọ tibí torí irọ́ tí wọ́n ń pa lórí WhatsApp ti pọ̀ jù.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé tó o bá wá síbí, kò sẹ́ni tó máa sọ pé Part I ẹ ti tó jàre, máa bọ̀ ní consultant. Wọ́n á dá ẹ padà sẹ́yìn. Láti gba ìwé àṣẹ GMC, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ níbí, o lè ṣe PLAB, o sì lè ṣe MRCP, ìdánwò àwọn dókítà internal medicine (Part 1, Part 2, àti PACES), èyí náà gbà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹni tó ti ń ṣe internal medicine bíi tìẹ kọjú sí MRCP, torí wàá nílò ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú bó o bá fẹ́ bó o kọ̀, kí lo tún ń fowó PLAB ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn IMT (ìkọ́ṣẹ́ internal medicine) ọdún 3, lẹ́yìn náà ST4 (ìbẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀ka) kádíọ́lọ́jì, ọdún 5 tún nìyẹn, wọ́n sì ti dà á pọ̀ mọ́ general medicine báyìí, ìyẹn ni pé wàá máa gba àgbàlagbà tó ṣubú nílé lóru bó tilẹ̀ jẹ́ pé sténtì (túùbù kékeré tí wọ́n fi ń la iṣan tó fún) lo wá kọ́. ST4 yẹn lẹnu ọ̀nà tó há jù. Àwọn tó ń du kádíọ́lọ́jì pọ̀, àyè ò pọ̀.

Ní ti academic, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. NIHR, àjọ ìwádìí ìlera níbí, ní ohun tí wọ́n ń pè ní ACF, wọ́n á fún ẹ ní ìdá 25 àkókò ẹ láti fi ṣèwádìí nígbà tó o ń kọ́ṣẹ́. Wàá fi ìyẹn ṣètò PhD, kí British Heart Foundation tàbí MRC tàbí Wellcome san owó ẹ̀. Lẹ́yìn PhD, Clinical Lecturer, ìdajì àkókò ìtọ́jú, ìdajì ìwádìí. Lẹ́yìn ìyẹn, Senior Lecturer. Ẹ ka ọdún rẹ̀ fúnra yín, èmi ò fẹ́ dẹ́rù bani. Ẹni tó bá sì ti ní Fellowship odindi láti ilé, ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Portfolio Pathway (CESR ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), wàá kó ẹ̀rí jọ pé ohun tó o mọ̀ bá tiwọn dọ́gba. Ìwé tó o máa kó jọ yẹn, àpótí màmá ẹ ò ní gbà á.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó jẹ́ kó yé mi pé academic yàtọ̀ sí ẹni tó kàn mọ sténtì fi sí. Rasha Al-Lamee wà ní Imperial College ní London, òun fúnra ẹ̀ ń fi sténtì sí. Gbogbo ayé gbà pé tí àyà bá ń dun èèyàn nígbà tó bá ń rìn, tí iṣan ẹ̀ sì fún, téèyàn bá ti fi sténtì là á, ìrora á lọ. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n mú èèyàn 200 tí iṣan wọn kan ti fún gan-an, gbogbo wọn ń lòògùn dáadáa, gbogbo wọn dùbúlẹ̀ lórí tábìlì cath lab, wọ́n fi sténtì sí àwọn kan, àwọn yòókù, wọ́n ṣe gbogbo ètò ẹ̀ bíi pé wọ́n fi sí i, wọn ò fi nǹkan kan sí i. ORBITA ni wọ́n pè é, 2017. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn náà rìn lórí ẹ̀rọ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò tó nǹkan téèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà. Ariwo sọ! Àwọn kan bínú débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tún ṣe, kò dúró síbẹ̀. Ọdún 2023, ORBITA-2, èèyàn 301, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dá òògùn ìrora àyà dúró ná, sténtì wá fi hàn pé òun ń dín ìrora kù lóòótọ́. Èsì àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́, ìkejì náà kì í ṣe irọ́, ohun tí wọ́n bèèrè ló yàtọ̀. Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó lè fi iṣẹ́ tó ń bọ́ òun fúnra ẹ̀ sórí ìwọ̀n, òun ni mo máa ń pè ní academic.

Jágùn_Houston

Ẹ̀gbọ́n Leeds ti sọ tiwọn. Tèmi á kúrú.

Yánkí: ìdánwò ìwé àṣẹ wọn, USMLE Step 1 (yege tàbí kùnà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ látọdún 2022, kò sí máàkì mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí Step 2 CK wá lágbára), ìwé ẹ̀rí ECFMG fún dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè, Match tí wọ́n fi ń pín àyè ìkọ́ṣẹ́, internal medicine ọdún 3, kádíọ́lọ́jì ọdún 3, interventional ọdún 1 lórí ẹ̀. Rẹ́sídẹ́ńsì tó o ṣe nílé, wọn kì í kà á, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Tó o bá wá pẹ̀lú físà J-1, rántí pé tó o bá parí, ọdún 2 wà tó yẹ kó o lọ lò nílé àyàfi tó o bá rí waiver, waiver sì sábà máa ń gbé èèyàn lọ sí ìlú tí dókítà ti wọ́n, níbi tí kò ti sí lábù, kò sí Prof, aláìsàn nìkan ló kún ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlá academic ti ń sùn lọ o, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Owó ìwádìí tó máa ń gbé ọ̀dọ́ dókítà dìde níbí, K23 ti NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ó fẹ́ kó o fi ó kéré tán ìdá 75 àkókò ẹ ṣèwádìí, èyí dáa, àmọ́ ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ti ní green card ni wọ́n ń fún. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ àfìgbà tá a bá fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù. Nítorí náà bọ́rọ̀ físà bá wà nílẹ̀, òun ni kó o kọ́kọ́ yanjú, kó o tó máa wá ìbéèrè ìjìnlẹ̀ kiri.

Owó_Dà

Ẹ ò ì dáhùn mi o. Owó dà?

Jágùn_Houston

Owó_Dà, ní Amẹ́ríkà níbí, kádíọ́lọ́jì tó wà ní práífẹ́ẹ̀tì ń gba owó tó ju ti fásitì lọ dáadáa, èyí ò pa mọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ẹni tó dúró ní fásitì mọ̀ pé òun ń fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó yẹ kó o sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ kó tó gbọ́ ọ níta.

MàmáCathLab

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Obìnrin ni mí, sténtì ni mò ń fi sí, mo kọ́ ọ ní India, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látàárọ̀, mo ní kò sẹ́ni tó tíì sọ fún àbúrò yìí ohun tí ara ẹ̀ máa fojú rí.

Àbúrò, tó o bá máa ṣe coronary, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ẹ sínú ìwé nìkan. Ó yẹ kó o mọ nǹkan yìí lọ́wọ́. Wàá gbé épírọ́ọ̀nù olójé wọ̀ fún wákàtí tó pọ̀ lórí ìdúró, ẹ̀yìn àti ọrùn á máa sọ̀rọ̀, ẹ́síréè ń tàn, o gbọ́dọ̀ bo ojú, torí ó lè fa kátárákì. Àwa obìnrin ní ti oyún lórí ẹ̀: wọ́n á fún ẹ ní bájì ìkejì tí wàá fi sábẹ́ épírọ́ọ̀nù kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tó ń kan ọmọ, ó ṣeé ṣe láti bá iṣẹ́ lọ, àmọ́ ẹ jókòó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀gá yín kó tó ṣẹlẹ̀, má dúró dìgbà tí ikùn bá yọ. Ìdí nìyẹn tí obìnrin ò fi pọ̀ nínú wa. Mi ò sọ ọ́ láti lé ẹnikẹ́ni sá.

Call rèé: heart attack tí iṣan dí pátápátá kì í dúró de ilẹ̀ mọ́. Ìlànà òyìnbó ni pé látìgbà tó bá ti wọlé, ìṣẹ́jú 90 ni kí báluùn ti la ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe láàárín ìṣẹ́jú 120, òògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ni kẹ́ ẹ fún un lọ́gán, ẹ má dúró máa pe fóònù kiri. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Third Mainland, ẹ sọ fún mi, èwo nínú méjèèjì la máa lò jù? Aláìsàn sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá owó, torí ọ̀pọ̀ wọn láti inú àpò ara wọn ni wọ́n ti ń san án. Mo ti dúró rí pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, kí ẹ̀gbọ́n aláìsàn máa bá káṣíà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ìwé kankan tó kọ́ni níyẹn.

India: àǹfààní ibẹ̀ ni pé èèyàn pọ̀, ọwọ́ ẹ á yá kíákíá. Àmọ́ bèèrè kó o tó sanwó, ṣé wọ́n á jẹ́ kó o di wáyà mú fúnra ẹ àbí o kàn fẹ́ dúró lẹ́yìn máa wò? Kọ̀wé sí ẹni tó ti ibẹ̀ dé, kì í ṣe wẹ́búsáìtì wọn. South Africa àti Íjíbítì náà wà. Kọ́ ti ọrùn ọwọ́ dáadáa, dókítà Kiemeneij ti gba ibẹ̀ wọlé la coronary ní Amsterdam lọ́dún 1992, síbẹ̀ mo ṣì rí àwọn tó jẹ́ itan nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí wọ́n gba ọwọ́ ẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ kì í dà lára ẹ̀ bíi ti itan, ó sì lè jókòó jẹun lọ́jọ́ náà.

(Ẹ forí jì mí mo mọ̀ pé ó ti gùn. Ẹ jẹ́ n kàn fi eléyìí kún un torí ó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Andreas Gruentzig tó kọ́kọ́ fi báluùn la coronary èèyàn tó wà lójúfò, ní Zurich, 16 oṣù kẹsàn-án 1977, kíṣìnnì ilé ẹ̀ ló ti ń lẹ báluùn pọ̀ ní alaalẹ́, òun àtìyàwó ẹ̀ àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é fún, ẹni ọdún 38 ni. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ èrò ẹ̀ síta, àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé èsì ẹ̀ jáde, iye àwọn tó ṣe é fún ò pọ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.)

Ará_Òkè_Àdó

Ẹ jọ̀ọ́ mi ò kì í ṣe dókítà o. Bàbá mi ń sọ pé àyà ń dun àwọn láti àárọ̀, ó ń lọ sí apá òsì, wọ́n sì ń làágùn. A ti fún wọn lóògùn ọlísà (ulcer).

MàmáCathLab

Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín jù NÍSINSÌNYÍ. Ẹ má dúró ka èyí tó kù. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé àyà ń dùn wọ́n, kí wọ́n ṣe ECG (ìdánwò tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù) fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bàbá fúnra wọn wa mọ́tò.

Ará_Òkè_Àdó

A ti wà lọ́nà mà. Ẹ ṣeun.

BàbáStẹ́tò

Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. ỌmọWọ́ọ̀dù, ṣé o rí i? Oògùn ọlísà. Láti àárọ̀.

Nọ́ńbà_Ò_Parọ́

Mo fẹ́ gba ibẹ̀ yẹn wọlé. Èmi kì í ṣe kádíọ́lọ́jì, epidemiology ni mò ń ṣe, àwọn dókítà ló máa ń gbé Excel tó ti dàrú wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó dátà jọ tán, tí wọ́n á ní "ẹ bá wa wá p-value". Ẹ wá bá mi KẸ́ Ẹ TÓ bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín!

Àbúrò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tó o máa lọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ. Ìbéèrè tó o fẹ́ máa bi ayé fún ogún ọdún, kí ni? Torí tó o bá lọ sí Leeds láìní ìbéèrè, ìbéèrè ọ̀gá ẹ lo máa bá a ṣe, wàá di òǹkọ̀wé kẹjọ lórí pépà nípa sténtì oríṣi kan tí kò ní dé Ọ̀ṣun láéláé. Àwọn tó ṣáájú wa mọ èyí. Ẹ wo Prof Akinkugbe, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ẹ̀jẹ̀ ríru lára èèyàn dúdú ni wọ́n dì mú, wọ́n lọ kọ́ ọ dé Oxford, wọ́n sì gbé e padà wá sí Ìbàdàn, ìgbà tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Gbólóhùn kan náà tí ọ̀gá yín ń sọ nípa coronary lónìí ni wọ́n ń sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà yẹn. Prof Falase náà, kádíọ́lọ́jì ni wọ́n kí wọ́n tó di VC ní Ìbàdàn, ilé ni wọ́n ti ṣe é.

Lórí coronary gan-an, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nílé. RACE-Nigeria, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí coronary dá wọlé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ó ti jáde lọ́dún 2022. Lọ kà á lálẹ́ yìí kó o tó sùn. Wo ohun tí wọn ò lè dáhùn níbẹ̀, ibẹ̀ nilé ẹ.

Ohun tó kù: kọ́ R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò dátà, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn fásitì tí wọ́n ní REDCap (ibi téèyàn ń kó dátà ìwádìí sí) á jẹ́ kó o lò ó láìsanwó, ó sàn ju Excel. Gba ìwé ethics kó o tó fọwọ́ kan fáìlì ẹnikẹ́ni. Jọ́nà tó bá kọ̀wé sí ẹ fúnra ẹ̀ pé "Dear Eminent Professor" nígbà tó o ṣì jẹ́ registrar, owó ẹ ni wọ́n ń wá.

Ìtàn_La_Ó_Sọ

"Dear Eminent Professor" 😂😂 mo ti gba méjì lọ́sẹ̀ yìí.

ỌmọWọ́ọ̀dù

Mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ PhD ńkọ́?

BàbáStẹ́tò

Ìjà àgbà nìyẹn. NUC, àjọ tó ń bójú tó fásitì, ń sọ pé kí olùkọ́ fásitì ní PhD, àwa dókítà ń sọ pé Fellowship la fi ń kọ́ ọmọ láti ayébáyé, òun ni òkè téńté nínú iṣẹ́ wa. Àwọn ẹgbẹ́ kọnsọ́tánt ti bá wọn fà á títí. Mi ò ní dá sí i, àmọ́ jẹ́ n gbà ẹ́ nímọ̀ràn bí ẹni tó ń gba àbúrò tiẹ̀: parí Fellowship ná. Má gbé méjèèjì lé orí lẹ́ẹ̀kan náà, mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n. Tó o bá parí, gba PhD níbi tí wọ́n ti máa kọ́ ẹ ní bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí gan-an, má gbà á torí kí wọ́n lè máa kọ ọ́ sẹ́yìn orúkọ ẹ. National Postgraduate Medical College náà ti ní MD tiwọn fún ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kó o ṣe PhD ẹ pẹ̀lú fásitì òkèèrè ṣùgbọ́n kí aláìsàn tó o ń ṣèwádìí lé lórí jẹ́ tilé. Èyí ló dùn mọ́ mi jù, torí ó ń bọ̀ wá sílé tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn, físà ò ní di ẹ́ mú.

Ẹ̀gbọ́nLeeds

Mo fọwọ́ sí èyí tí bàbá sọ gbẹ̀yìn. Àwọn fásitì níbí ń wá irú ẹ̀ gan-an. Ẹni tó ní aláìsàn, tó ní ìwé àkọsílẹ̀ tó mọ́, kò ní ṣagbe. Ẹni tó ní ìfẹ́ nìkan láìní dátà ló ń ṣagbe.

Owó_Dà

Ó dáa, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti sọ fún un pé CONMESS àti CONUASS ò tíì dá ara wọn lóhùn?

BàbáStẹ́tò

Owó_Dà, o lóye ju bí mo ṣe rò lọ 😄 Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò: ìwé owó oṣù ilé ìwòsàn yàtọ̀ sí ti fásitì, ọ̀rọ̀ èwo ni kí wọ́n fi san lẹ́kíṣọ̀ tó jẹ́ dókítà ti dá wàhálà sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ka lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ ẹ dáadáa, bèèrè èwo ni wọ́n máa fi san án, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

ỌmọWọ́ọ̀dù

Ibi tí mo dé rèé, ẹ bá mi wò ó bóyá ó mọ́gbọ́n dání. Mi ò ní lọ ná. Màá parí Part II nílé, màá fi dissertation mi ṣe nǹkan lórí àwọn tí àyà ń dùn tó délé ìwòsàn wa. Tó bá parí, màá wá ọ̀nà India fún ọwọ́, PhD á tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka PLAB ti bínú sí mi tán.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé kí n béèrè àwọn ohun tó ń fa coronary (sìgá, ṣúgà, BP) lọ́wọ́ wọn, àbí àkókò tí wọ́n fi pẹ́ kí wọ́n tó dé?

Nọ́ńbà_Ò_Parọ́

Àkókò. Ti àkọ́kọ́ yẹn, INTERHEART ti fi èèyàn tó ju tìẹ lọ ṣe é, o ò lè fi aláìsàn ilé ìwòsàn kan ṣoṣo borí wọn. Ti àkókò, ilé nìkan la ti lè dá a lóhùn. Aago mélòó ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún, kí lẹni yẹn ní kó ṣe, òògùn ọlísà ni, àgbo ni, àdúrà ni, kẹ́mísítì ni. Ilé ìwòsàn mélòó ló kọ́kọ́ dé tí wọn ò ní ECG. Aago mélòó ló dé ọ̀dọ̀ yín, aago mélòó lẹ ṣe ECG fún un, aago mélòó lẹ fún un ní nǹkan. Kọ aago sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, má bèèrè ẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, torí wọ́n á ti gbàgbé. Ẹni tó bá kú ní casualty, kọ tiẹ̀ náà, bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wá bó bá ṣeé ṣe láìni wọ́n lára, torí tó o bá fo àwọn yẹn, àṣìṣe kan náà tí bàbá wa sọ lókè yẹn lo máa tún ṣe. Jẹ́ kí Yorùbá wà nínú fọ́ọ̀mù ẹ, kì í ṣe "chest pain" nìkan, torí àyà tó ń ro, àyà tó ń gúnni, àyà tó wúwo bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé e, aláìsàn á sọ ọ́ fún ẹ lọ́nà tiẹ̀.

MàmáCathLab

Tó o bá ti kọ fọ́ọ̀mù náà, fi ránṣẹ́ sí mi ní inbox. Àwa náà á lò ó lọ́dọ̀ wa, ilé ìwòsàn méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Ará_Òkè_Àdó, bàbá ńkọ́?

Ará_Òkè_Àdó

Wọ́n ti ṣe ECG fún wọn mà, wọ́n ní heart attack ni lóòótọ́. Wọ́n ti fún wọn ní aspirin àti abẹ́rẹ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n bi wá ní aago tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ ní pàtó nínú wa.